Ọdún Kan Náà ni Kàkò àti Superman Jáde

Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a wọlé fún sáà kìíní, bàbá mi ra báàgì ìwé tuntun fún àbúrò mi ní Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́. Àwòrán Superman ni ó wà lára báàgì náà, pẹ̀lú aṣọ búlúù, aṣọ pupa tí ó ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, àti létà S gàdàgbà láyà rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àbúrò mi. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé fọwọ́ kan báàgì náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, a ń ran Bàbá àgbà lọ́wọ́ láti kó kòkó tí a sá sórí ẹní wọlé kí òjò tó dé. Bọ́lọ́rundúró ni a ń gbé, ìlú oko kòkó ni ìlú wa, bí oṣù kẹsàn-án bá sì ti dé, gbogbo iwájú ilé ni kòkó máa ń gbà. Bàbá àgbà rí báàgì lọ́rùn ọmọ náà, wọ́n ní, "Ta nìyí?"

Àbúrò mi dáhùn pé Superman ni, pé ó lè fò, pé ìbọn kì í ràn án, pé ó lè fi ọwọ́ kan gbé mọ́tò.

Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín. "Ó káre. Ṣé ó mọ Kàkò?"

"Ta ni Kàkò?"

Bàbá àgbà kò dá a lóhùn. Èmi ni wọ́n yíjú sí, nítorí pé èmi ni mo wà ní SS2, èmi ni mo sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá. Ojú tì mí. Mo mọ orúkọ D. O. Fágúnwà. Mo mọ ìwé ìtàn rẹ̀ márààrún tẹ̀lé ara wọn bí wọ́n ṣe jáde, nítorí pé wọ́n bi wá nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ohun tí Kàkò lè ṣe, n kò mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ wa sọ fún wa pé ìdíje àròkọ kan wà lórí ìtàn ayé òǹkọ̀wé tí ó dá akọni sílẹ̀, mo ti mọ ẹni tí n óò kọ nípa rẹ̀. Mo tún wá ìtàn ẹni tí ó kọ Superman kún un, kí n lè rí ohun tí n óò sọ fún àbúrò mi. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu: ọdún 1938 ni Superman jáde, ọdún 1938 náà ni Kàkò jáde.

Jerry Siegel ni ẹni tí ó kọ Superman. Ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1914. Júù ni àwọn òbí rẹ̀, wọ́n ṣí wá láti Lithuania. Aṣọ ni bàbá rẹ̀ ń tà. Ní ọdún 1932, àwọn olè wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá náà, ọkàn rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì kú ní alẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn kan máa ń sọ pé ibẹ̀ ni èrò ọkùnrin tí ìbọn kì í ràn ti wọ orí ọmọ rẹ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Siegel àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Joe Shuster tí ó ń ya àwòrán, gbé ìtàn wọn kiri ọ̀dọ̀ àwọn olùtẹ̀wé fún ọdún mélòó kan, kò sí ẹni tí ó fẹ́ ẹ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan wá gbà á níkẹyìn, $130 ni wọ́n san fún àwọn méjèèjì. Owó yẹn ra ìtàn ojú ìwé mẹ́tàlá tí wọ́n kọ, ó sì ra Superman fúnra rẹ̀ títí láé. Ìwé Action Comics àkọ́kọ́ ni ó ti jáde.

(Àbúrò mi kò fẹ́ gbà nígbà tí mo sọ fún un pé Superman kò mọ bí a ti ń fò bí ẹyẹ ní ọdún 1938. Ńṣe ni ó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, láti orí ilé kan dé orí èkejì. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kí ó máa fò lójú ọ̀run. Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ méjì fún un. Lọ́dọ̀ tiwa, "fò" náà ni, kò sí ìjà.)

Àwọn tí ó ra Superman di olówó. Siegel kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1947, òun àti Shuster pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Wọ́n fún wọn ní owó díẹ̀ láti fi parí ẹjọ́ náà, wọ́n sì yọ orúkọ wọn kúrò lára ìwé. Ìgbà kan wà tí Siegel ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé kékeré, tí ó ń tẹ ìwé lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, nígbà tí gbogbo ayé ń ra akọni rẹ̀. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ tó ni Superman ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti máa san $20,000 lọ́dọọdún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, kí wọ́n sì dá orúkọ wọn padà. Siegel kú ní ọdún 1996.

Ẹ jẹ́ kí n padà sílé.

Bí ènìyàn bá fẹ́ ti Bọ́lọ́rundúró lọ sí ìlú Fágúnwà, yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó, yóò sì tún wọ òmíràn ní ojú ọ̀nà Ifẹ̀. Òkè-Igbó ni orúkọ ìlú náà, orúkọ rẹ̀ sì ti sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà sí ní ọdún 1903. Ó lọ sí ilé-ìwé St. Luke's ní Òkè-Igbó. Láti ọdún 1926 dé 1929, ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní St. Andrew's College, ní Ọ̀yọ́. Ọ̀yọ́ náà ni ó dúró sí tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké láti ọdún 1930 dé 1939.

Ní ọdún 1936, ẹ̀ka ìjọba tí ó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà gbé ìdíje ìwé kíkọ kalẹ̀. Fágúnwà jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, olùkọ́ ni, kò tíì tẹ ìwé ìtàn kankan jáde. Ó kọ ìtàn kan ránṣẹ́. Mo máa ń dúró níbí yìí nígbà gbogbo, nítorí pé ìdíje ni èmi náà ń kọ èyí fún. Kò sí ìwé ìtàn gígùn irú tirẹ̀ ní èdè Yorùbá tí ì bá wò kí ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Àlọ́ wà, ìjálá ọdẹ wà, Bíbélì wà, ìwé àwọn Òyìnbó tí wọ́n ń kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wà. Ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì fi wọ́n sínú igbó kan. Ilé ìtẹ̀wé C.M.S. ní Èkó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1938: Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀.

Bàbá àgbà ní ìwé náà. Ilé-ìwé mọ́dà tí wọ́n lọ ní Oǹdó ni wọ́n ti rà á, inú àpótí ni wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sí pẹ̀lú rìsíìtì kòkó. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti lọ, ikán ti jẹ igun kan. Wọ́n kà á fún èmi àti àbúrò mi ní alẹ́ mẹ́rìnlá, èmi ni mo ń tan iná fóònù sí i. Bí wọ́n bá dé ibi tí ojú ìwé ti já, wọn kì í dúró. Wọ́n á di ojú, wọ́n á sì máa sọ ọ́ láti orí.

Ẹni tí ó ń sọ ìtàn inú ìwé náà ni Àkàrà-ògùn. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, àjẹ́ ni ìyá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó kọ́kọ́ dá wọ Igbó Irúnmọlẹ̀, tí ó sì pàdé àwọn bí Àgbákò, ẹlẹ́yinjú mẹ́rìndínlógún. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọba ránṣẹ́ pè é, ó ní kí ó lọ sí Òkè Láńgbòdó, kí ó lọ mú ohun tí yóò tún ìlú ṣe wá. Àkàrà-ògùn kò dá lọ mọ́. Ó kó ẹgbẹ́ jọ, ibẹ̀ sì ni àbúrò mi ti dìde jókòó.

Kàkò ń bẹ níbẹ̀, oníkùmọ̀ ẹkùn. Ìmọ́dòye ń bẹ níbẹ̀, tí ọgbọ́n jẹ́ agbára rẹ̀. Olóhùn-iyọ ń bẹ níbẹ̀: bí ó bá kọrin, ohun tó ń bínú á gbàgbé ìbínú. Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko àti ẹyẹ. Ẹ̀fọ̀ìyẹ̀ jẹ́ tafàtafà tí ìyẹ́ bo ara rẹ̀. Àràmàǹdà-Òkùnrin náà wà níbẹ̀. Bí a bá ka Àkàrà-ògùn mọ́ wọn, wọ́n pé méje, olúkúlùkù pẹ̀lú ohun tí ó lè ṣe tí ẹlòmíràn kò lè ṣe. Ẹni tí ó bá ti wo fíìmù àwọn akọni Amẹ́ríkà yóò mọ irú ẹgbẹ́ yìí lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù tí Superman jáde, òun nìkan ni ó dá wà, kò tíì ní ẹgbẹ́ kankan. Fágúnwà ti kó méje jọ.

Mo fẹ́ràn Ìmọ́dòye jù lọ, àbúrò mi sì fẹ́ràn Kàkò. Ọ̀rọ̀ Kàkò ni ó wá dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti Bàbá àgbà. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sí Òkè Láńgbòdó, aya Kàkò dì mọ́ ọn, ó ní kò gbọdọ̀ fi òun sílẹ̀. Kàkò bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Kàkò bínú, ó fa àdá yọ, ó ṣá obìnrin náà, ó sì kú. Lẹ́yìn náà, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ ìlú.

Mo ní, "Ẹ dákẹ́ ná, Bàbá. Ṣé akọni ni ẹ pe ẹni yìí?"

Bàbá àgbà ní ayé àtijọ́ ni, pé iṣẹ́ ọba kò ṣeé kọ̀. Mo ní obìnrin náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n pa ìwé dé, a kò kà á mọ́ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní alẹ́ kejì, kí wọ́n tó ṣí i, wọ́n ní, "Nígbà tí mo wà ní mọ́dà, kò sí ẹni tí ó bi tísà wa léèrè ọ̀rọ̀ yẹn. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́." N kò mọ̀ bóyá wọ́n ń yìn mí ni tàbí wọ́n ń bá mi wí.

Síbẹ̀, mo rò pé ibí yìí gan-an ni àwọn akọni Fágúnwà ti yàtọ̀ sí ti inú kọ́míìkì ayé ìgbà náà. Superman ọdún 1938 kì í ṣe àṣìṣe tí ó lè dun ènìyàn bí èyí. Àwọn ti Fágúnwà ń bẹ̀rù, wọ́n ń ṣìwà hù, wọ́n ń jà láàárín ara wọn, ẹbi sì ń pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n sì dé Òkè Láńgbòdó, ìjà kọ́ ni wọ́n jà níbẹ̀. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó lẹ́sẹ̀ Ìrágbéje, nínú ilé olójúlé méje, tí ó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́. Àbúrò mi ní ibẹ̀ yẹn gùn jù. Èmi náà gbà pé ó gùn. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò lè gbàgbé pé olùkọ́ ni òun. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, kì í ṣe gbogbo wọn ni ó dé ilé.

Àwọn ìwé yòókù tẹ̀ lé e. Fágúnwà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1946 láti túbọ̀ kẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 1949, méjì jáde: Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó. Igbó Olódùmarè padà sẹ́yìn lọ sọ ìtàn Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-ògùn, ẹni tí ó bá Èṣù-kékeré-òde wọ ìyá ìjà. Bí àwọn tí ó ń ṣe fíìmù akọni ṣe ń ṣe lónìí nìyẹn, tí ọ̀kan bá ti tà, wọ́n á lọ wá ìtàn bàbá rẹ̀. Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje jáde ní ọdún 1954, Àdììtú Olódùmarè ní ọdún 1961. Ní ọdún 1955, ó gba ẹ̀bùn Margaret Wrong fún ìwé kíkọ. Ní ọdún 1959, ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè M.B.E. dá a lọ́lá. Láàárín ọdún méjèèjì yìí, ó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìwé títẹ̀ ti iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lẹ́yìn náà ni ó lọ bá ilé ìtẹ̀wé Heinemann ṣiṣẹ́.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ṣe dorí kodò. Kò sí ọmọdé tí kò mọ Superman, ṣùgbọ́n mélòó ló mọ Siegel? Ọ̀rọ̀ Fágúnwà kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára ìwé rẹ̀ rí. Ilé-ìwé tí a fi orúkọ rẹ̀ pè wà ní Òkè-Igbó. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ Yorùbá ló mọ̀ ọ́n. Àwọn akọni rẹ̀ ni wọ́n sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gba akọni lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, wọ́n sì gbé e dé Ọjà Ọba lára báàgì. Lọ́dọ̀ wa, a gbé òǹkọ̀wé sórí àga ọlá, a sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ Kàkò àti Ìmọ́dòye sínú ìbéèrè ìdánwò. N kò lè sọ èyí tí ó dùn mí jù.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò gbìyànjú láti yà wọ́n. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968, Bruce Onobrakpeya ni ó sì ya àwòrán inú rẹ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo kà pé ọkùnrin yìí ti ṣe olùkọ́ ní Ondo Boys' High School ní ọdún 1956, ní Oǹdó wa níbí. Ní ọdún 1977, nígbà àjọ̀dún FESTAC, eré Láńgbòdó tí Wálé Ògúnyẹmí kọ láti inú ìwé náà ni Nàìjíríà gbé kalẹ̀.

Kọ́míìkì náà dé, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni ó gbà. Ní nǹkan bí ọdún 1975, wọ́n ń ta ọ̀kan ní Nàìjíríà tí ń jẹ́ Powerman, akọni aláwọ̀ dúdú tí ó ń jà fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ ọ́, Donne Avenell àti Norman Worker. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó yà á, Dave Gibbons àti Brian Bolland. Wọ́n ń tà á fún àwọn tí Àkàrà-ògùn ti wà nínú àpótí wọn. Ní ọdún 1976, ọmọ Ilé-Olújì kan, Wálé Adénúgà, tí ó ti ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Èkó, bẹ̀rẹ̀ Ikebe Super. Ilé-Olújì àti Òkè-Igbó, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni wọ́n wà lónìí, nítorí náà aládùúgbò Fágúnwà ni. Ṣùgbọ́n Papa Ajasco rẹ̀ kì í ṣe akọni. Orí rẹ̀ pá, ikùn rẹ̀ yọ, agbára kan ṣoṣo tí ó ní ni kí ó máa kó ara rẹ̀ sí wàhálà. Bàbá mi sọ fún mi pé abẹ́ déèsì ni àwọn ti ń kà á, nítorí pé bí tísà bá rí i lọ́wọ́ ọmọ, ẹgba ni. Ó dá mi lójú pé wọ́n rẹ́rìn-ín gidi. Àlàfo tí Kàkò fi sílẹ̀ nìkan ni ìwé yẹn kò dí.

Fágúnwà kò dàgbà tó láti rí ìkankan nínú èyí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, ó wà lẹ́nu ìrìn-àjò ní Àríwá. Ní Wuya, lẹ́bàá Bida, ó dúró sí etí odò ní ìdájí, ó ń retí ọkọ̀ ojú omi. Etí odò náà ya lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì bá omi lọ. Ọmọ ọgọ́ta ọdún ni. Bàbá àgbà ní ọmọdé ni àwọn nígbà náà, pé olùkọ́ àwọn ni ó sọ ọ́ ní kíláàsì, tí àwọn ọmọ kan sì ń jiyàn pé kò lè jẹ́ òótọ́, pé bóyá ó kàn wọ inú igbó kan lọ ni.

Láti ìgbà tí a ti ka ìwé náà tán ni mo ti ń ya kọ́míìkì tèmi sínú ìwé sáyẹ́ǹsì ọdún tó kọjá tí ojú ewé rẹ̀ ṣẹ́ kù. Bírò ni mo fi ń yà á, àbúrò mi ń kùn ún. Ó fẹ́ kí Kàkò ní aṣọ pupa lẹ́yìn. Mo ní kò sí ọdẹ tí yóò wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wọ igbó ẹ̀gún. A dé orí ojú ìwé kẹsàn-án. Ní àná, Bàbá àgbà wò ó, wọ́n ní kùmọ̀ Kàkò kéré jù. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n sì yà á tóbi débi pé ó jáde kúrò nínú ilà tí mo fi pààlà àwòrán.

Ojú ìwé tí ó kàn ni ti obìnrin yẹn. Àbúrò mi ní kí n fo ibẹ̀. Mo ti fa ilà rẹ̀ sílẹ̀, ojú obìnrin náà ni n óò kọ́kọ́ yà.